Káàdì Tí Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Fún Mi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí ẹsẹ̀ yín gbé yín dé ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ Ẹtì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ara náà ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Tèmi kò le, ẹ sì mọ̀ ọ́n.

Ọdún mẹ́ta rèé tí kíndìnrín mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí mò ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èmi kò ní pépà ìgbélùú níbí, ẹ̀yin ní. Ẹ̀yin lẹ gbé káàdì ìlera yín lé mi lọ́wọ́ ní kíṣíìnì yín, ẹ ní ojú wa kúkú jọra. Èmi tí n kò gbọ́dọ̀ fẹnu pe orúkọ yín láti kékeré, èmi ni mo wá ń jẹ́ ẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá pè é, mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn, bóyá ẹ ti dé.

Lóṣù tó kọjá, lọ́yà kan gba yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn. Ọ̀fẹ́ ló ń bá àwọn aláìsàn tí kò rí jájẹ ṣe ọ̀rọ̀ pépà wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, awò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ní bí dókítà bá kọ̀wé pé ikú ni fún mi bí wọ́n bá dá mi padà síbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, wọ́n lè fún mi ní pépà. Ó wá béèrè fáìlì mi. Ní gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, kò sí aláìsàn kankan tó ń jẹ́ orúkọ mi. Ẹ̀yin ni kíndìnrín yín kò ṣiṣẹ́.

Mo jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ó ní bí ẹ bá wá jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ fún mi ní káàdì, òun á bẹ̀bẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́yà láti àárọ̀ títí wọ́n fi nu ilẹ̀ dé ibi ẹsẹ̀ mi.

Àṣé ọjọ́ Ẹtì lẹ máa wá, ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé lẹ sì lọ, ẹ ní wọ́n jí káàdì yín. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá mi ṣàwàdà kò wojú mi. Ó ní, “Mà, ẹni tó ni orúkọ yìí ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn.” Lọ́yà ló sáré wá bá wọn jà, kí wọ́n tó gbà kí n máa lo ẹ̀rọ náà títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà yín. Ẹ̀ bá kúkú jókòó sílé yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pè mí lólè?

Lọ́yà bi mí bóyá mo ní ẹ̀rí. Ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì náà ṣì wà lórí fóònù mi, ẹ̀rín lẹ tilẹ̀ ń rín: “Máa lò ó jàre, ta ló máa mọ̀?” Ó ní bí òun bá lò ó, èmi lè bọ́, ẹ̀yin ò ní bọ́. Mo ronú sí i fún ọjọ́ méjì. Mo rántí pé ẹ̀yìn yín ni mo gbé dàgbà. Mo sunkún, mo sì gbé fóònù náà fún un.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹjọ́. Bí ẹ bá fẹnu ara yín sọ òtítọ́ fún lọ́yà ṣáájú ọjọ́ náà, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn yín.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ẹ má mọ irú àga tí wọ́n ní kí n dìde lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín tẹ́ ẹ pọ̀n, tẹ́ ẹ sì pè lólè.

Àfikún: Ẹ má wulẹ̀ pe fóònù mi. Lọ́yà ló máa gbé e. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi wá.