Ọkọ̀ Pupa Tó Ń Sáré Ju Bí Aago Rẹ̀ Ṣe Ń Sọ Lọ

Yàrá Ìránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìgbọ́kọ̀sí,
Ẹgbẹ́ Eléré Orí Omi,
Etí Adágún.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Bójú Tó Ààbò Lórí Omi,
Òkè Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ỌKỌ̀ PUPA DÚRÓ TÍTÍ WỌN YÓÒ FI TÚN ÌWỌ̀N ERÉ RẸ̀ ṢE, KÍ ÌDÍJE ỌJỌ́ SÁTIDÉ TÓ DÉ

1. Èmi ni mo ń rán ẹ̀wù aléfòó tí àwọn eléré ń wọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí kí omi má baà gbé wọn mì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ìjà kọ́ ni mo gbé wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ó sì ti kọjá èyí tí mo lè dá gbé.

2. Ọkọ̀ pupa kan wà níbí tó máa ń fi okùn fa àwọn eléré tó wọ pátákó sẹ́sẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wọn máa ń gba orí òkè pátákó kan tó léfòó sáàárín adágún fò, wọn á sì balẹ̀ sínú omi lódì kejì. Ọmọ mi obìnrin wà lára wọn. Tíntín ni gbogbo ayé ń pè é. Òun nìkan ni mo bí.

3. Bí ọkọ̀ bá yára jù lẹ́nu òkè yẹn, ẹni tó fò yóò kọjá ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, omi kì í ṣe omi mọ́, sìmẹ́ǹtì ni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń di eré ọkọ̀ mú sójú kan. Ìjánu la ń pè é níbí. Awakọ̀ á tẹ iye eré tó fẹ́, Ìjánu á sì máa bu epo fún ẹ́ńjìnnì kí eré náà má lọ sókè, kó má sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjánu ò lójú. Yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń kà, kò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ lórí omi. Kíkọ́ ni à á kọ́ ọ. Wọn á wa ọkọ̀ kọjá láàárín bọ́ọ̀lù aléfòó méjì tí wọ́n ti wọn àyè àárín wọn, wọn á wo bó ṣe pẹ́ tó, wọn á wá fi yé Ìjánu pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí tó báyìí, eré ti tó báyìí. Ẹrù tó bá wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò máa rò pé òun ń gbé káàkiri títí wọn yóò fi tún un kọ́.

4. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ Ìjánu nìkan ni àwa òṣìṣẹ́ máa ń rí ọkọ̀ gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti di ẹ̀tọ́ wa, a kì í sì í fi ẹ̀tọ́ wa tọrẹ. Lọ́dún yìí, agbálẹ̀ wọlé, aṣọ́gbà wọlé tòun tìyàwó rẹ̀ tó lóyún, obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wọlé, Bàbá Sípánà tó jẹ́ mẹkáníìkì wa wọlé, òun nìkan sì tó ènìyàn méjì. Ẹnì kan tún gbé àpótí yìnyín tó kún fún ohun mímu sí i. Èmi náà wọlé, èmi náà ò sì fúyẹ́. Ọkọ̀ rì títí omi fi ń yọjú sí wa. Aṣọ́gbà ní bí ẹnikẹ́ni bá sín pẹ́nrẹ́n, gbogbo wa ti di ẹja nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí. Inú ẹ̀rín yẹn ni Bàbá Sípánà ti kọ́ Ìjánu, òṣìṣẹ́ yín sì wá fi òǹtẹ̀ Àjọ lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi ò dá òṣìṣẹ́ yín lẹ́bi. Kò bá wa níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkọ̀ kún.

5. Ṣùgbọ́n bí eré bá dé, ènìyàn méjì péré ló ń wọ ọkọ̀ yẹn: awakọ̀, àti ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì á máa yí bí ẹni tó ru ẹrù wúwo, bẹ́ẹ̀ ẹrù ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá fi gbogbo agbára gbé korobá tó rò pé ó kún fómi, tí korobá sì ṣófo, ẹ̀yin náà mọ ibi tí korobá yóò dé. Bí ọkọ̀ pupa ṣe ń fò nìyí, tí aago iwájú awakọ̀ sì ń sọ pé kò sóhun tó yí padà.

6. Ara aṣọ ni èmi ti kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà tí a ti kọ́ Ìjánu yẹn ni àwọn ẹ̀wù ti ń padà bọ̀ wá bá mi pẹ̀lú èjìká yíya, níbi tí omi ti ń gbá wọn bí wọ́n bá balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń gba ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, kì í já lásán. Mo kọ́kọ́ fura sí òwú, torí mo ti yí sí èyí tó dínwó díẹ̀. Mo padà sí ti tẹ́lẹ̀, mo tún ẹ̀wù náà rán, ó tún ya padà wá. Lẹ́yìn náà ni ti ọmọ mi wá dé. Ojú ìránṣọ ò já lára tiẹ̀ rárá, aṣọ gan-an ló ya. Mo ní kó jẹ́ kí n wo èjìká rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi agbára ìyá bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, èjìká ti wú, ó sì ti dúdú títí dé ẹ̀yìn.

7. Awakọ̀ ọkọ̀ náà jẹ́ àbúrò ọkọ mi. Mo bá a nílé ni, n kì í pe orúkọ rẹ̀, Agúntáṣọọ́lò ni mo ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní yàrá ìránṣọ, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn. Ó ní, “Ìyàwó wa, aago ń sọ tiẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbá mi létí ń sọ tiẹ̀. Etí mi ni mo gbà gbọ́.” Ó ti mú ọ̀rọ̀ náà tọ Mánéjà lọ, Mánéjà sì bi í bóyá iṣẹ́ ti sú u. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni, kó má jẹ́ òun.

8. Èmi náà lọ bá Mánéjà. Mo kúnlẹ̀ kí i, bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tó tèmi. Ó ní òǹtẹ̀ Àjọ ti wà lára Ìjánu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ó ní kíkọ́ ọ yóò jẹ epo òwúrọ̀ kan gbáko, àwọn oníbàárà sì ti gba ọkọ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Aránṣọ, ẹ jẹ́ ká pín in báyìí: kí abẹ́rẹ́ jẹ́ tiyín, kí ọkọ̀ jẹ́ tiwa.” Ẹni tó ń ra òwú ní ìwọ̀n ìwọ̀n mọ ohun tí epo ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n mo gbé e wò síhìn-ín, mo gbé e wò sọ́hùn-ún. Epo òwúrọ̀ kan á tán, wọn á ra òmíràn. Ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn ò sí lórí àtẹ.

9. Èyí tó le jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń sáré ju aago lọ, ọmọ mi ń fò jìnnà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Màámi, ó ti wá wọ̀ mí lára.” Ó gbà pé ẹsẹ̀ òun ló ń ṣe é. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ náà, mi ò tíì dé ìdajì tó fi bi mí pé, “Àbí ẹ ò fẹ́ kí n gòkè ni?” Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Yàrá mi ò jìnnà sí omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti bú, abẹ́rẹ́ mi á dúró. Bí ó bá rọra rẹlẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ mi ṣì dúró lórí pátákó rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, ó ti ṣubú nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dákẹ́ lójijì, mo sì sáré jáde tèmi ti aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́. Wọ́n fà á jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ń ti imú rẹ̀ bọ̀. Àwọn ènìyàn ń ṣàtẹ́wọ́.

10. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Kí ẹ rán ẹni yín wá kí Sátidé tó dé, torí ọmọ mi wà lára àwọn tí yóò fò níbi ìdíje, kó tú òǹtẹ̀, kó rí i pé ènìyàn méjì péré ló wọ ọkọ̀, kí wọ́n tún àyè àárín bọ́ọ̀lù aléfòó wọ̀n, kí wọ́n sì tún Ìjánu kọ́ lójú rẹ̀. Bí kò bá lè yá tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kí ẹ bá wa bẹ Mánéjà kó wá ọjọ́ mìíràn fún àwa òṣìṣẹ́ láti gun ọkọ̀, kí agbálẹ̀ àti aṣọ́gbà má baà sọ pé èmi ni mo gba adùn lẹ́nu wọn. Bí ẹni yín bá sì dé, tó rí i pé irọ́ ni mo pa, èmi ni n ó san epo ọjọ́ náà, n ó sì tún kúnlẹ̀ fún Mánéjà níṣojú gbogbo ènìyàn.

11. Bí ó bá rí i pé òótọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́, kó má sọ fún ọmọ mi pé ẹ́ńjìnnì ló ń bá a fò. Kó ní àyẹ̀wò ọkọ̀ lásán ni. Èmi ni n ó sọ ọ́ fún un, lọ́rọ̀ ara mi. Mo mọ̀ pé yóò bínú, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lọ́dọ̀ mi tìbínú-tìbínú, ju kí n máa fi ọwọ́ mi gbé e láti orí ibùsùn sórí àga.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń wo ojú yín.

Èmi ni tiyín, tọkàntọkàn,

Ìyá Aránṣọ,
Alátùn-únṣe Ẹ̀wù Aléfòó.