Bí Mo Ṣe Wa Kẹ̀kẹ́ Alága Méjì ní Súrùlérè

Ajébámidélé,
Ọ̀nà Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Motọ́lání ọmọ mi,

O kú ọ̀nà, o kú oòrùn ojú títì, o kú ìdí ríro. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹyẹ lójú ọ̀run á ṣọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́, ó ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, a sọ ọ̀kan ní Sókótó nítorí tìrẹ, òun ló ń sá kiri jù. Mo mọ̀ pé o ṣì wà lọ́nà, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá fi padà sí Yábàá, wàá bá lẹ́tà yìí lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ìyàwó Tíṣà ka ohun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi, pé o fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Súrùlérè dé Sókótó nítorí àwọn akàndá ẹ̀dá, àyà mi já. Mo ní wọ́n ti lé ọmọ mi níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò rí owó ọkọ̀ mọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ. Mo ta ẹ̀gúsí mi, mo di owó rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, mo wọkọ̀ Èkó kí n lè san owó ọkọ̀ rẹ dé Sókótó bí ọmọ èèyàn.

Ọ̀dọ̀ Kùdírátù ni mo sùn, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń rán ìbòrí àga mọ́tò ní Muṣin. Nígbà tí Márúwá gbé mi dé Súrùlérè láàárọ̀, wọ́n ní ìwọ àti àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yòókù ti lọ láti aago mẹ́fà. Mo bú sẹ́kún lójú títì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Haleemah, tó ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀, ló fà mí jókòó. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lé ọ níṣẹ́ o, pé àwọn èèyàn ń dá owó lórí gbogbo máìlì tí ẹ bá gùn ni, owó náà ni wọ́n ó fi ra àga onítáyà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́. Mo ní ṣé wọn ò lè dá owó náà kí ẹ jókòó sílé ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màámi, bí ẹnikẹ́ni ò bá làágùn, ta ló máa rántí dá a? Ló bá fi ọ́ hàn mí nínú fóònù. Motọ́lání, o ti di àmì búlúù róbótó, ò ń rìn lójú ọ̀nà bí èèrà tó ru ṣúgà! Mo gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu, mo gbàdúrà sí ọ lórí. Nígbà tó yá àmì náà dúró, mo figbe ta, wọ́n ní ẹ ń mu omi ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Jude. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, ó ń tún rédíò ṣe ní Muṣin, ọwọ́ ló fi ń mọ wáyà. Òun àti àwọn kan ò lọ sí Sókótó, wọ́n kàn fẹ́ gba Ìdí-Àràbà àti Muṣin dé Yábàá ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àga méjì: ẹni tó ríran á máa darí níwájú, òun á wà lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á jọ máa fẹsẹ̀ wà á. Ṣùgbọ́n Benjamin tó yẹ kó wà níwájú ti fẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n wá ẹlòmíràn títí, wọn ò rí. Jude ò bínú, ó kàn ń nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ṣáá. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun fi múra, ìyàwó òun Sàúdátù àti ọmọbìnrin àwọn ti ń dúró ní Ìdí-Àràbà, nítorí ọmọ náà ò rí i kí òun sáré rí láyé rẹ̀.

N ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní èmi á wà á. O ò mọ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí n tó wọlé bàbá rẹ, èmi ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ bàbá mi ru kòkó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ogójì ọdún ni mi ò ti gùn ún. Haleemah ní àfi kí n kọ fọ́ọ̀mù. Ó bi mí pé gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ wo ni mo wà. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ Àlàáfíà ti ìjọ wa nìkan ni mo wà, a kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Ó ní ta ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí, mo ní Jésù, ó ní àwọn fẹ́ nọ́ńbà. Mo bá fún un ní tìrẹ. Nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi, ó ní tèmi dára ju tòun lọ. Jude wá bi mí pé Màámi, ṣé ẹ lè rí kòtò? Mo ní mo lè rí i, mo sì lè pariwo rẹ̀. Ó ní ìyẹn ti tó.

Wọ́n yá mi ní ṣòkòtò, má sọ fún Pásítọ̀, wọ́n sì de akoto mọ́ mi lórí. Bí a ṣe gbéra, à ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, èmi tẹjú mọ́ táyà. Jude ní Màámi, ẹ má wo ilẹ̀, ọ̀ọ́kán ni kí ẹ máa wò. Afọ́jú ló kọ́ ìyá rẹ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀nà o! Mo gbójú sókè, kẹ̀kẹ́ náà sì tọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo rí fún un: Márúwá ń bọ̀ lósì, kòtò wà lọ́tùn-ún, bàbá kan ń fá irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, obìnrin kan ru adìẹ mẹ́rin, ọ̀kan ń wò wá. Jude rẹ́rìn-ín títí, ó ní ogún ọdún tí òun ti ń gba ibẹ̀ kọjá, kòtò nìkan ni wọ́n ń sọ fún òun, kò sẹ́ni tó sọ ti adìẹ rí.

Ní Ìdí-Àràbà, àwọn nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé wa létí títì, ó ń ké pé Dádì mi rèé, Dádì mi ló ń sáré yẹn! Jude ò fẹsẹ̀ wà á le mọ́. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ tó fa imú, tó ní Màámi, ẹ jẹ́ ká tún mú un le sí i. A mú un le, Motọ́lání! Ẹsẹ̀ mi ń jó bí ata, orin ni mo sì ń kọ.

Kùdírátù gbójú sókè nídìí máṣínì ní Muṣin, ó rí èmi tí mo ti ilé rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìpayà láàárọ̀, mo ń já bọ̀ pẹ̀lú akoto lórí. Ọkọ rẹ̀ ní bóyá àwọn ò tíì jí lójú oorun ni. Nígbà tí a dé Yábàá, wọ́n so irin róbótó kan kọ́ mi lọ́rùn, mo bi wọ́n pé kọ́kọ́rọ́ ibo ni. Wọ́n ní mo ti wọ orí ayélujára, pé nítorí èmi àti Jude, àwọn èèyàn ti dá owó àga onítáyà méjì. Bí o bá rí mi níbẹ̀, sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí n tètè jáde, iṣẹ́ oko ń bẹ nílẹ̀. Gbogbo owó ẹ̀gúsí mi ni mo kó fún Haleemah kí àga náà lè pé mẹ́ta.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Má fi gba báǹkì o. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, mo ní kí akọ̀wé wọn fi owó mi hàn mí kí n rí i bóyá ara rẹ̀ le, ìwé ló fi hàn mí. Fi rán awakọ̀. Bá mi ra túùbù méjì àti pọ́ǹpù kún un, Tíṣà fẹ́ yá mi ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rẹ̀. Jude ní lọ́dún tó ń bọ̀ a máa dé Sókótó, mo sì ti gbà. Bàbá rẹ ti gbọ́ ti Súrùlérè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ti Sókótó. Ìwọ ni kí o bá mi sọ ọ́, tìrẹ ló máa ń gbọ́.

Ọ̀nà ò ní kọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ á máa ti ẹ̀yìn fẹ́ ọ, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwọn tí o torí wọn làágùn, ayọ̀ wọn á kàn ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ìdí ṣì ń ro.