Igbá Mate Tí Mo Rà fún Màmá

Paysandú,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje.
Oṣù òtútù wa nìyí, òtútù sì mú gan-an láàárọ̀ yìí. Ìrì dídì funfun bo gbogbo koríko.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ariel,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin àti ará ilé yín ní Barcelona. Mo ní ìrètí pé ara yín le, àti pé ẹ̀yìn kò dùn yín mọ́. Ara tèmi náà le.

Ẹ béèrè Màmá lórí fóònù, mo sì dáhùn pé wọ́n wà dáadáa. Òótọ́ kọ́ ni mo sọ. Wọ́n ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ru, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà náà. Ọwọ́ mi ni ó ti wá.

Lóṣù Karùn-ún, ọ̀fìnkìn líle dá ènìyàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Màmá, Ìyá Zulma àti Ìyá Ofelia máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, tí wọ́n á po ewé mate pẹ̀lú omi gbígbóná sínú igbá kan, tí wọ́n á máa gbé e yípo, tí wọ́n á máa fi ọ̀pá ìfàmu kan ṣoṣo mu ún. Ẹ̀rù bà mí. Mo ra igbá tuntun, mo ní kí wọ́n fín orúkọ Màmá sí i lára, mo sì kọ̀wé fún nọ́ọ̀sì àgbà pé Màmá kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lo ìfàmu pọ̀.

Lọ́jọ́ tí Màmá gbé e jáde, Ìyá Zulma wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ sún fún ìyáàfin, jàre. Itọ́ tiwa kò dáa tó." Ìyá Ofelia rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, wọn kò gbé àga sílẹ̀ de Màmá mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti kọjú sí ògiri, omi ti tutù nínú fúláàsì wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn po mate díẹ̀. Wọ́n ní, "Mirta, bí mo bá mu tán, ta ni kí n wá gbé e fún?"

Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n óò gba ìwé mi padà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. N óò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Zulma lójú gbogbo wọn, n óò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi mu nínú igbá tiwọn, pẹ̀lú ìfàmu tí gbogbo wọn ti fẹnu kàn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó sì jẹ́ kí ẹ tún fojú kan Màmá láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Mirta.

Àfikún: Bí ẹ bá pe Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ fún wọn. N kò mọ̀ bóyá Ìyá Zulma yóò gbé igbá náà fún mi.