Ọkọ Mi Ní Oṣù Íńdíà Ò Gbà Kí A Sọmọ Lórúkọ

Olóòtú àti ẹ̀yin òǹkàwé, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹ má tẹ orúkọ mi sí i... Mo bí àkọ́bí mi ọkùnrin níhìn-ín ní Ìdànrè, ó ti lé lóṣù kan, baba rẹ̀ ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ mi, akọ̀wé tí ń wọn kòkó ní Aládé, ló kọ̀wé sí Íńdíà fún kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ rere. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù níbẹ̀, bí ọdún òṣùpá bá sì ti kúrú sí ti oòrùn jù, wọn á fi odindi oṣù kan kún un kí méjèèjì lè bára dọ́gba. Inú oṣù àfikún yẹn ni mo bímọ sí... ó ní a kì í ṣe ohun ayọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, ó wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ṣé irú èyí dáa?

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan náà ní wákàtí burúkú tirẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ gbọ́mọ jáde nígbà náà. Mo ní aago Íńdíà ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, mo sì kọ́ ọ nílé ìwé nínú jọ́gíráfì pé oòrùn á ti ga lọ́hùn-ún kó tó yọjú lẹ́yìn òkè wa. Ó ní aago ni aago, kí n lọ fọ ìlédìí ọmọ. Àwọn ìyàwó ilé wá sọ mí di Ìyá Kòlórúkọ...

Ohun tó wà nínú mi rèé. Lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, bí ọkọ mi ti jáde, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó gbé omi, iyọ̀ àti oyin wá, ó ní ṣé òṣùpá wọn ló gbẹ̀bí ọmọ yìí ni? A sọ ọ́ ní Ìgbàyílọlá. Bí mo bá pè é báyìí, á yíjú sí mi.

Oṣù àfikún ti parí, ọkọ mi ti rí ọjọ́ tó bá ìràwọ̀ ọmọ mu, ó ti pe ẹbí àti kátíkíìsì, ó ti yan orúkọ tirẹ̀, kò bi mí. Ìyá rẹ̀ ní kí n panu mọ́, ọmọ lè jẹ́ orúkọ méjì. Èmi ò fẹ́. Mo fẹ́ kí ọkọ mi tẹ́ lójú wọn bí mo ti tẹ́... àmọ́ ṣé kí ìyá arúgbó tó gbà mí bá a tẹ́? Bí ọkọ mi bá gbọ́mọ lọ́wọ́ tó pe orúkọ tirẹ̀ yẹn, ṣé kí n dákẹ́? Àbí kí n pe ọmọ mi ní Ìgbàyílọlá, kí gbogbo wọn wo ibi tó máa kọjú sí?