Omi Ìṣápá Lórí Kápẹ́ẹ̀tì Pálọ̀ Mi

Cedar Gully,
Ọjọ́ Ajé, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe Àjíǹde.

Novelette, àkọ́bí inú mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí fífọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyẹn ò sì ní kí n má jẹun. Ọlọ́run tó kó wa yọ nínú ìjì ọdún tó kọjá kò ní jẹ́ kí Kingston gbé ọ mì. Iṣu wa ta, adìyẹ rẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá gbé ọ̀kan lọ, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. Mo mọ̀ pé Myrtella aládùúgbò mi ló pè ọ́ lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, nítorí ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́ obìnrin yẹn nínú, tó sọ fún ọ pé ìyá rẹ ti ń gbé ife lé afẹ́fẹ́. Ìwọ náà wá pè mí lórí fóònù Bàbá Lebert onísọ́ọ̀bù, o ní ojú mi ti ń lọ, o ní tí o bá dé ní Àjíǹde tí o bá àbàwọ́n yẹn nílẹ̀, o máa ti ilé pa, o máa kó mi lọ sí Kingston kí n wá máa jókòó ní àjà kẹrin, níbi tí kò sí adìyẹ, tí kò sí ẹni tí mo lè bá jà. Novelette, mo sunkún. Ilé tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kí Ọlọ́run tó pè é!

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Díákónẹ́ẹ̀sì Hortense ló wá kí mi kú ọdún. O mọ̀ pé àlejò pàtàkì nìkan ló ń jókòó ní pálọ̀ mi, ọ̀rá ṣì wà lára àga títí dòní, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀. Mo bu sọ́rẹ̀lì fún un, omi ìṣápá pupa tí mo fi atalẹ̀ sí, mo tún ta ọtí ìrèké díẹ̀ sí i nítorí ikọ́ rẹ̀. Mo bu tèmi náà. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyàwó pásítọ̀ tuntun lọ́wọ́, mo na ọwọ́ gbé ife kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré, níbi tí tábìlì yẹn ti wà láti ọgbọ̀n ọdún, àfi gbàà! Ó di ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì funfun tí o gbé wá ní oṣù Kẹjọ di pupa bí ẹni pa ewúrẹ́ sí i.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní gbogbo Cedar Gully kò sí ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń dán tó tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí ìyá mi Euphemia ti mú mi kúnlẹ̀, tó fi èèpo àgbọn gbígbẹ lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa fi ìpara pupa dán ilẹ̀ títí màá fi rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo wá rò ó pé kí ni kápẹ́ẹ̀tì bí kì í bá ṣe ilẹ̀ tó hu irun? Mo kúnlẹ̀, mo gbé èèpo àgbọn, mo ń ha á, mo ń kọrin ìyìn. Kí n tó dìde, àbàwọ́n tó tó àwo ti tó ọpọ́n. Mo tún fi ìpara pupa díẹ̀ lé e, mo ní pupa á mọ pupa lójú. Má bínú.

Bàbá Lebert ló ní obìnrin kan wà nínú fóònù òun tó mọ iṣẹ́ àbàwọ́n dunjú. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí i tí kò dáhùn. Mo ní kó ṣe sùúrù kí n wá bírò, ó ń sọ tiẹ̀ lọ ni, àfi ìgbà tí Bàbá Lebert fi ìka tẹ̀ ẹ́ níwájú orí, ló bá dákẹ́ wìì. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí obìnrin náà tún sọ̀rọ̀, ó ní a kì í ha kápẹ́ẹ̀tì rárá! Ó ní kí n fi ṣíbí kó ìpara kúrò, kí n po fínígà funfun, omi kíkan yẹn, mọ́ omi tútù, kí n kán ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ sí i, kí n wá máa fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti etí wá sí àárín. Mo kó ẹyin mẹ́fà fún Bàbá Lebert pé kó bá mi fún un nígbà tó bá jáde. Ó gbà á, ó ní obìnrin náà á dúpẹ́ gan-an.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Aṣọ funfun mẹ́ta ló bá a lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, Novelette, ó lọ! Mo jó nínú pálọ̀ mi láìka orúnkún sí. Mo pe Myrtella wọlé, mo ní kó fi ojú tiẹ̀ tó ríran wá a fún mi. Ó tẹ̀ ba títí, kò rí nǹkan kan.

Kí kápẹ́ẹ̀tì má bàa rùn, mo ní kí n sá a. Mo gbé tábìlì kékeré kúrò lórí ẹ̀, mo wá rí aṣọ tábìlì tí mo fi ọwọ́ mi hun, wọ́n ká a sábẹ́ tábìlì. Mo ṣí i. Yẹ́lò rèé lára kápẹ́ẹ̀tì, àbàwọ́n kọ́ọ̀rì ewúrẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, egungun kékeré kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Eyín mi ò jẹ́ kí n jẹ ewúrẹ́ mọ́, ìwọ nìkan lo sì wà nílé nígbà tí mo lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Ìwọ lo gbé abọ́ wọ pálọ̀ mi! Ìwọ lo wọ́ tábìlì bò ó, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan kúrò ní àyè rẹ̀, tí o wá wọkọ̀ lọ sí Kingston wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o ṣe ṣe àtùpà tí o fọ́ lọ́mọ ọdún méje, tí o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, náà lo tún ṣe. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan, ọmọ yìí. Ọwọ́ mi mọ ibi tí tábìlì wà, tábìlì ni kò sí níbẹ̀.

Inú bí mi, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín títí adìyẹ fi sá. Mo fọ tìrẹ náà. Kọ́ọ̀rì lágídí ju sọ́rẹ̀lì lọ, fínígà ò rí i gbé ṣe, àmọ́ mo fi kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ọgbà fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn pa á rẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò sọ fún Myrtella. Èmi ni ìyá rẹ.

Owó ọkọ̀ tí o ní o ti tọ́jú tí wọ́n máa fi kó ẹrù mi, má dá a padà sí báńkì, báńkì ti ní tàwọn ẹlòmíràn tó pọ̀. Fi ránṣẹ́ kí n fi ra ìpara pupa àti fínígà, nítorí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kó kápẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi. Bí o bá dé ní Àjíǹde, ilé ìdáná ni kí o ti jẹun. Mo ti dá tábìlì padà sí àyè rẹ̀.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́, á fún ọ lọ́kọ rere, á sì fún ọ lọ́mọ tó máa gbé abọ́ kọ́ọ̀rì wọ pálọ̀ rẹ nígbà tí o bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ ríran kedere,
Icilda.