Fíìmù Ọdún Tí Bàbá Mi Ti Mọ̀ Látòkèdélẹ̀

Ìyá mi àgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá àgbà àti àǹtí mi tó ń ránṣọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti san, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìjà ọdún ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ọdún ṣì jìnnà, bàbá mi ti so iná ọdún mọ́ ojú fèrèsé. Màmá ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ fi iná fa ọdún wá ni?" Fíìmù ọdọọdún yẹn ni bàbá tún fẹ́ ká wò, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣáájú àwọn òṣèré. Lójú tèmi, eré tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbádùn kì í ṣe eré ọdún. Mo bá lérí pé èmi ni màá pàlọ́ fún wọn lọ́jọ́ ọdún, ní Yorùbá tí kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bàbá ní, "Tí o bá kọ́sẹ̀ pẹ́nrẹ́n, fíìmù mi ló kàn."

Ẹ jọ̀ọ́, orin àlọ́ wo ni bàbá mi fẹ́ràn jù ní kékeré? Ẹ fi ohùn yín kọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá ti dá a, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbè é, kò sì ní ráyè ka àṣìṣe mi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ má sọ fún un o.

Èmi ọmọ ọmọ yín