Wọ́n Ní Kí N Má Dúró Lọ́nà

Mọ́ńdè, 3 oṣù kejì, 2025
Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ, n ò rí oorun sùn. Àyà mi ń já ṣáá. Ẹni-Mi bi mí ohun tó ń ṣe mí — ọkọ mi ni o. Mo ní kò sí. Ojú ń tì mí.

Àlàmísì, 6
Mo yọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì n'Ìbarà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ìfúnpá mi ga díẹ̀. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílé wa l'Óṣíẹ̀lẹ̀. Mo ní oko ni, ẹsẹ̀ la fi ń lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀. Níbí ńkọ́? Mo ní mò ń jókòó ti àdìrẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa rìn kíákíá láràárọ̀ títí n óò fi làágùn, kí n má dúró lọ́nà. Ọkàn mi náà á fúyẹ́.

Jímọ̀, 7
Kí n má dúró kẹ̀. Èmi ìyàwó tuntun. Gbogbo àgbà tó jókòó síta ni mo kúnlẹ̀ kí. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Mo délé, ara mi gbẹ.

Àìkú, 9
Mo kàn tẹríba, mo ń lọ. Mo gun òkè dé orí. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì — irú èyí ò bà mí lẹ́rù. Inú mi ṣáà ń dùn.

Mọ́ńdè, 10
Mo sùn mọ́jú. Àmọ́ Àlàájà Ìta, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ti wá fẹjọ́ sùn pé mo ń wo àwọn bí ẹni wo ògiri. Ìyá ọkọ mi ní, "Saidat, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ẹkún ni mo sun. Kò sí ìrìn àárọ̀ mọ́.

Àlàrùbá, 12
Oorun tún ti lọ.

Jímọ̀, 14
Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Ẹni-Mi. Ó ní, "O ò sì sọ fún mi." Ó bẹ Ìyá kí n lè máa rìn. Ìyá ní bí Àlàájà bá gbà, òun gbà. Ẹni-Mi fẹ́ bá mi lọ sọ́dọ̀ Àlàájà. Mo ní rárá, èmi ni kí n lọ.

Sátidé, 15
Mo dé ẹnu ọ̀nà Àlàájà, ẹ̀rù bà mí, mo kọjá. Mo yára gun òkè dé orí — ibẹ̀ ni ọkàn mi ti le. Mo padà, mo kúnlẹ̀. Èémí ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Mo ní ìfúnpá mi ló ga, mà. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn kíákíá; bí mo bá ń dúró, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa kí yín tí mo bá ń bọ̀.
Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n nu òógùn ibẹ̀. Wọ́n ní ìfúnpá ló pa ọkọ àwọn. Wọ́n bá dìde, wọ́n ké sí àwọn tó jókòó síta: "Tí ìyàwó wa bá ń kọjá láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró o. Èmi ti bá gbogbo yín gba ìkíni rẹ̀."